Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: Ẹgbẹ́ Àjọjẹ fún Àwọn Tí Kì Í Jẹ Ẹran

Bismillahir-Rahmanir-Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tó pèsè oúnjẹ fún gbogbo abẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (ṣ.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Níbi wàlímà kan, a rí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa tó ń yọ́ ẹran inú abọ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá. A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní láti kékeré ni òun kì í ti í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Ohun tó ti inú ilẹ̀ hù nìkan ni ara òun ń gbà. Dípò kí a gbọ́ tirẹ̀, a pariwo mọ́ ọn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìwà ẹlẹ́sìn mìíràn ló ń hù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá sí ilé kéú. Nígbà tí a padà ṣí ìwé, a rí i pé àwa ni a ṣẹ̀ ẹ́. A lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn òbí rẹ̀, a sì sọ fún un pé kí ó wá àwọn bíi tirẹ̀, kí wọ́n jọ máa jẹun. Ohun tí a kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni a fẹ́ fi kọ́ra wa lóṣù yìí.

KÍ NI ẸSÌN SỌ?

Ọlọ́hun sọ nínú Suratun-Nahl (16), áyà 5, pé ànfààní wà fún wa lára ẹran ọ̀sìn, a sì ń jẹ nínú rẹ̀. Hàláálì ni ẹran. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ hàláálì kì í ṣe ọ̀ranyàn. Nílé Maymuna, ìyàwó Ànábì, wọ́n gbé ẹran kan tó jọ alángbà, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní dabb, síwájú Ànábì (ṣ.a.w.). Kò jẹ ẹ́, nítorí kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì fà sí i. Khalid ọmọ Walid jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀, kò sì kọ̀ fún un. Ẹni méjì jókòó ti abọ́ kan: ọ̀kan jẹ, ọ̀kan kò jẹ, kò sì sí ìjà.

Apá kejì nìyí o. Nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, àwọn Sàhábà kan fẹ́ fi ìjọsìn le ara wọn ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kò ní jẹ ẹran mọ́. Ànábì bá wọn wí, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá kẹ̀yìn sí sunna òun. Suratul-Ma'idah (5), áyà 87, náà kọ̀ fún wa láti sọ ohun dáradára tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláálì di harámù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní, “Èmi kì í jẹ ẹ́,” kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní, “Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀yin tó ń jẹ ẹ́ kò mọ Ọlọ́hun,” ti kọjá ààlà.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀ ẸGBẸ́ NÁÀ

Ìkínní: Kí èrò kéré má ṣe dẹ́rù bà yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, Donald Watson àti àwọn ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n dá Vegan Society sílẹ̀, ó sì wà títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àti ẹni mẹ́rin péré ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Ìkejì: Ẹ gba àṣẹ. Ẹ sọ fún àwọn òbí, ẹ sọ fún ìmáámù, kí ẹ tó kéde rẹ̀ lẹ́yìn àsáláátù. Ohun tí a bá fi pamọ́ ni aráyé ń fura sí.

Ìkẹta: Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn ìrun Asr, ti tó. Kí kálukú gbé ìkòkò tirẹ̀ wá: mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹyin àti edé, gbẹ̀gìrì pẹ̀lú àmàlà, ẹ̀fọ́ rírò tó ní irú àti ẹ̀gúsí, àkàrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, wàrà sóyà. Kí ẹni tó sè é sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí àwọn arákùnrin jókòó lọ́tọ̀, kí àwọn arábìnrin jókòó lọ́tọ̀.

Ìkẹrin: Ẹ kọ́ra yín ní ìtọ́jú ara. Amánà ni ara jẹ́. Fítámì B12 kò sí nínú ewéko ní ìwọ̀n tó ṣeé gbọ́kàn lé, irú pàápàá kò sì lè dípò rẹ̀. Bí kò bá sí lára, ó ń fa àárẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan ara jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà gbọ́dọ̀ máa lo hóró rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi í sí. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Kí wọ́n lọ bá dókítà. Ẹ máa fi ọsàn ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lẹ́yìn, kí ara lè rí irin inú wọn gbà dáadáa.

Ìkarùn-ún: Ẹ má ti ilẹ̀kùn. Ẹ pe ẹni tó ń jẹ ẹran náà wá jẹun. Bí ẹ bá sì lọ sóde ẹlòmíràn, ẹ má bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ rẹ̀. Ànábì wa kì í bú oúnjẹ: bó bá wù ú, a jẹ ẹ́; bí kò bá wù ú, a fi í sílẹ̀. Ìyá tó dúró ti iná láti òwúrọ̀ kò yẹ fún ìwàásù lórí ọbẹ̀ rẹ̀.

ILÉYÁ Ń KỌ́?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù. Ní ojú ọ̀nà Imam Malik, sunna tó lágbára ni pípa ẹran Iléyá fún ẹni tó ní agbára rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe àwáwí. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀, jíjẹ nínú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Kí ó pa á, kí ó pín in fún aládùúgbò àti aláìní. Suratul-Hajj (22), áyà 37, kọ́ wa pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn wa ló ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, kì í ṣe ẹran náà.

Lọ́dún yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ wa ló gbé ẹran Iléyá bàbá rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ó gbé tiwa náà dé ilé wa. Ojú tì wá, inú wa sì dùn.

Ẹ JỌ JÍRÒRÒ:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a kò fẹ́ àti ohun tí a sọ di harámù?
2. Ta ni ẹ ti fi ṣẹ̀sín rí nítorí oúnjẹ rẹ̀? Ẹ ti tọrọ àforíjì bí?
3. Irú oúnjẹ wo ni ẹ lè sè tí gbogbo ará jámà yóò lè jẹ?

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì tẹ́ wa lọ́rùn, kí Ó má jẹ́ kí àwo oúnjẹ tú ẹgbẹ́ wa ká. Àmín.