Ẹ Má Yọ́ Òjé Lẹ́yìnkùlé

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Douala, ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù irin kiri New Bell, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tajà fún àwọn apẹja Youpwè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Iná tí ẹ ń dá lẹ́yìnkùlé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mi ò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́ o. Àwọ̀n tí kò ní òjé létí kò lè rì sísàlẹ̀ odò Wouri, ẹni tó bá sì yọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú, tó dà á sínú mọ́ọ̀dù, á rí owó ọbẹ̀. Àwọn ọdẹ wa nílé náà ń fi òjé ṣe ọta ìbọn ṣakabùlà. Iṣẹ́ àtayébáyé ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn jù. Ẹni tó ń rọ ìkòkò alúmíníọ́mù nílò ooru tó tó 660 lórí ìwọ̀n Celsius, kò sì lè ṣe é láìní ẹwìrì àti àyè tirẹ̀. Òjé ń yọ́ ní 327. Èédú ìyàwó ilé tó o, agolo tó o, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ ni ẹ ti ń yọ́ ọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ yín, mi ò jiyàn. Ẹ mọ̀ pé òjé bátìrì àtijọ́ le ju òjé lásán lọ nítorí ańtímónì tí wọ́n pò mọ́ ọn, ẹ sì mọ̀ pé lẹ́ẹ̀dì àwọn atúnrédíòṣe, tó ní tín-ìn nínú, máa ń jẹ́ kó ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Ẹ mọ irin kékeré tí fọganáísà ń fi há rímù táyà: òjé ni èyí tó pẹ́, ṣùgbọ́n síńkì ni ọ̀pọ̀ tuntun. Bí iná bá ju 419 lọ, síńkì á yọ́ sínú òjé, gbogbo rẹ̀ á sì ṣù bí ògì tí wọn ò rò dáadáa. Ọ̀gá yín á ti kìlọ̀ pé irin tútù kò gbọdọ̀ wọnú ìkòkò, nítorí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè da òjé gbígbóná sí èèyàn lójú. Gbogbo èyí ni wọ́n kọ́ yín. Eruku ni wọn ò sọ fún yín.

Èéfín ni ẹ ń sá fún, tí ẹ ń fi aṣọ bo imú. Ó dára, ṣùgbọ́n a kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe. Ìdàrọ́ tí ẹ fi ṣíbí gbọ́n kúrò lójú òjé tí ẹ sì dà sẹ́bàá ọgbà, àti ẹbu tó ń já bọ́ nígbà tí ẹ bá fọ́ bátìrì, àwọn ni oníjà. Wọ́n ń bá ṣòkòtò àti bàtà wọlé, wọ́n ń bá ọwọ́ dénú àwo. Ọmọ tó ń rá kiri á fọwọ́ kan ilẹ̀, á fi sẹ́nu. Ara ọmọdé ń gba òjé tó bọ́ sẹ́nu rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ohun tí ara àgbà ń gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí kò léwu. Inú eegun ló ń sá sí, á máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí obìnrin bá sì lóyún, á tún jáde wá bá ọmọ inú.

Ẹ gbọ́ ti Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar. Apẹja ni wọ́n bíi ti Youpwè. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ti ń yọ́ bátìrì tipẹ́, òjé àwọ̀n ni wọ́n ń fi ṣe, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń bọ́ sínú yanrìn. Nígbà tí òjé wọ́n lọ́jà, àwọn oníbàárà dé, wọ́n ní àwọn á ra yanrìn náà. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, wọ́n ń jọ̀ ọ́ nínú ilé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Láàárín ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọ 18 kú. Ní Zamfara ní 2010, góòlù ni wọ́n ń wá, àmọ́ òjé wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀. Ọmọ tó ju 400 lọ ló bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe ju ìyókù òjé sínú àlòkù alúmíníọ́mù. Àwọn onímọ̀ yẹ ìkòkò tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Kamẹrúùnù rọ wò, wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2014: òjé ń jáde lára ọ̀pọ̀ wọn sínú ohun tí wọ́n bá sè.

Ẹ ta bátìrì lódindi, ẹ má fọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má yọ́ òjé, kó gbé e jìnnà sí ilé àti kànga, kó wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, kó fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun, kó pàrọ̀ aṣọ níbẹ̀. Kí aṣọ yẹn má bá ti ọmọ wọnú ọpọ́n kan náà.

Ẹni tó bá sì ti ń yọ́ ọ nílé tẹ́lẹ̀, tí inú ń run ọmọ rẹ̀, tó ń bì tàbí tí gìrì ń gbé e, kó sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò nítorí òjé. Bí kò bá sọ, ibà ni wọn á máa tọ́jú.