Ṣé Ẹ̀ka Ìhìnrere Nìkan Ló Ni Iṣẹ́ Ìhìnrere?

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:1-4, 11:19-26, Éfésù 4:11-12, Kólósè 4:2-6, 1 Pétérù 3:15

Nínú ìdàpọ̀ wa, oníkálukú ló ní ẹ̀ka tó ti ń sìn: akọrin, aládùúrà, olùgbàlejò, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti ẹ̀ka ìhìnrere. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kéde pé a ń jáde lọ wàásù ní Sátidé, mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan á ní, “Èmi ò sí ní ẹ̀ka ìhìnrere, akọrin ni mí.” Kì í ṣe àwàdà, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn wà tí kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti Sátidé dé Sátidé ni ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, nítorí pé onítìjú ni, kò lè dúró níwájú ilé oúnjẹ kó máa pariwo. Àwọn méjèèjì yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ṣé ojúṣe onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan ni ìhìnrere, àbí ti àwọn tí a pè sí i nìkan?

1. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kì í ṣe gbogbo wa

Ẹ má ṣe jẹ́ ká yára bá wọn wí. Nínú Éfésù 4:11, Pọ́ọ̀lù sọ pé àwọn kan ni Olúwa fi ṣe ajíhìnrere. Kò sọ pé gbogbo ènìyàn. Nínú 1 Kọ́ríńtì 12 pẹ̀lú, ara kan ni wá, ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní dandan ni kí gbogbo onígbàgbọ́ gba gbohùngbohùn kó máa wàásù ní gbangba, ó ń béèrè ohun tí Ìwé Mímọ́ kò béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 12 mọ́ ọn. Kí ni ìdí tí a fi fún ìjọ ní àwọn ajíhìnrere? Kí wọ́n lè mú àwọn ènìyàn mímọ́ gbára dì fún iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni. Kì í ṣe kí wọ́n bá wa ṣe é nígbà tí àwa jókòó. Bí ẹ̀ka ìhìnrere bá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, tí ìyókù wa kò sì mọ nǹkan kan ṣe, a jẹ́ pé ẹ̀ka náà kò tíì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Àwọn kan tún ní àwọn àpọ́sítélì nìkan ni Jésù pa àṣẹ Mátíù 28 fún. Èrò yìí ti pẹ́. Ọkùnrin kan tó ń rán bàtà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Carey, dá a lóhùn nínú ìwé kékeré kan tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1792: bí àṣẹ lílọ bá jẹ́ ti àwọn àpọ́sítélì nìkan, a jẹ́ pé ìrìbọmi náà jẹ́ tiwọn nìkan, nítorí inú àṣẹ kan náà ni méjèèjì wà. Ní ọdún 1793, Carey fúnra rẹ̀ lọ sí Íńdíà.

2. Ta ló gbé ìhìnrere kúrò ní Jerúsálẹ́mù?

Lẹ́yìn ikú Sítéfánù, inúnibíni dé, ìjọ sì tú ká. Lúùkù fara balẹ̀ sọ ẹni tó sá àti ẹni tó dúró: gbogbo wọn túká, àfi àwọn àpọ́sítélì (Ìṣe 8:1). Ní ẹsẹ 4, ó ní àwọn tó túká náà ń wàásù ọ̀rọ̀ náà káàkiri. Ìyẹn ni pé àwọn tí a mọ̀ sí oníwàásù wà nílé, àwọn tí kò ní oyè kankan ló gbé ọ̀rọ̀ náà rìn.

Ní orí 11, díẹ̀ nínú wọn, àwọn ará Kípírù àti Kírénè, dé Áńtíókù, wọ́n sì bá àwọn Gíríìkì sọ̀rọ̀ nípa Jésù Olúwa. Lúùkù kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbọ́ ni ìjọ Jerúsálẹ́mù tó rán Bánábà. Áńtíókù yìí kan náà ni a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Kristẹni. Ọ̀dọ̀ ìjọ tí àwọn aláìlórúkọ dá sílẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́ ti wá.

3. Lọ́yà ọ̀tọ̀, ẹlẹ́rìí ọ̀tọ̀

Ní kóòtù, lọ́yà ló ń to ẹjọ́. Ó kàwé fún un, ó sì mọ bí a ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Ẹlẹ́rìí lè jẹ́ ìyá tó ń ta ata lọ́jà. Ohun tó rí nìkan ni adájọ́ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é, kò lè sọ pé, “Lọ́yà kúkú wà níbẹ̀.” Lọ́yà kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀.

Ọkùnrin afọ́jú inú Jòhánù 9 kò lè dá àwọn Farisí lóhùn lórí gbogbo ìbéèrè wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti fọ́jú rí, òun sì ń ríran báyìí. Ọkùnrin tí Jésù lé ẹ̀mí èṣù jáde lára rẹ̀ nínú Máàkù 5 fẹ́ bá a wọ ọkọ̀ lọ. Jésù kò gbà fún un. Ilé ló rán an lọ, kó lọ sọ ohun tí Olúwa ṣe fún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Pọ́ọ̀lù náà pín iṣẹ́ yìí nínú Kólósè 4. Ó ní kí àwọn ará gbàdúrà kí ilẹ̀kùn ṣí fún ìwàásù òun. Fún àwọn fúnra wọn, ó ní kí wọ́n máa fi ọgbọ́n rìn níwájú àwọn tó wà lóde, kí ọ̀rọ̀ wọn dùn bí èyí tí a fi iyọ̀ sí, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń dá olúkúlùkù lóhùn. Ẹ̀yin onítìjú, ẹ rí i pé ààyè yín wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ olùṣọ́ inú Ìsíkíẹ́lì 33 dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni pé gbogbo ọkàn tó bá ṣègbé nínú ọgbà wà lọ́rùn wọn. Wòlíì tí Ọlọ́run fi ṣe olùṣọ́ fún ilé Ísírẹ́lì ni a sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún. Nínú 1 Kọ́ríńtì 3:6, ẹnìkan gbìn, ẹnìkan bomi rin, Ọlọ́run ló mú un dàgbà. Ojúṣe wa ni láti jẹ́rìí. Kò sí ní ọwọ́ wa láti yí ènìyàn lọ́kàn padà.

4. Bó ṣe dé ilẹ̀ wa

Kí oníwàásù òyìnbó tó dé, àwọn Sàró, ọmọ ilẹ̀ wa tí a gbà lóko ẹrú tí wọ́n sì ń padà wálé láti Freetown, ti wà ní Bádágírì àti Abẹ́òkúta. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó jẹ́ Kristẹni nínú wọn ló ránṣẹ́ pé kí a wá ran àwọn lọ́wọ́. Thomas Birch Freeman dé Bádágírì ní 1842. Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìn-ín-ní 1843.

Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì rí ìyá rẹ̀ tó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ya ara wọn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kó tó dé orí oyè yẹn.

5. Nínú ọgbà tiwa ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka abala Yorùbá yìí ń kàwé jìnnà sílé, ẹ sì ń bá Mùsùlùmí gbé yàrá kan. Nínú ẹbí Yorùbá gan-an, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí mọ́ṣáláṣí kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pétérù ní ká fi ìwà tútù àti ọ̀wọ̀ dáhùn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bíbú ẹ̀sìn ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ gbàdúrà fún ènìyàn mẹ́ta pàtó. Ẹ kọ ohun tí Olúwa ṣe fún yín sílẹ̀, kí ẹ lè sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láìlo èdè ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má jí ìwé wò nínú ìdánwò, nítorí ìwà lẹ̀sìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ ran àwọn tó ń lọ sí ìgbèríko lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí owó yín má di owó tí ẹ fi ra ẹnu yín padà níbi iṣẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a lè bá ènìyàn gbé yàrá fún ọdún mẹ́rin, kó mọ àwọ̀ aṣọ akọrin wa, kó mọ ọjọ́ tí a ń gbààwẹ̀, kó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ láìmọ ìdí ìrètí tó wà nínú wa. Ẹ̀ka ìhìnrere kò bá a gbé. Àwa la bá a gbé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ajíhìnrere àti ẹlẹ́rìí?
2. Kí ni Ìṣe 8:1-4 kọ́ wa nípa ìjọ tí àwọn adarí rẹ̀ kò sí nítòsí?
3. Ta ni ẹni tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni Kristẹni tó sún mọ́ ọn?

Àdúrà: Olúwa, ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí o rán, kí o sì ṣí ẹnu àwa tó kù sí ẹni tó sún mọ́ wa. Àmín.