Ẹ́ńjìnì Tí Ó Ń Mísì: Bí A Ṣe Lè Wá Ìdí Rẹ̀ Nílé



Ẹ̀kọ́ wa nínú oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ó ń ná ọ̀pọ̀ ilé lówó láìnídìí. Ohun náà ni ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń mísì. Ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, kò kàn yín. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń wa ọkọ̀ tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ti lò kí ó tó kàn wá, àwọn ilé kan sì wà tí ó jẹ́ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ́ wọn. Kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ọkùnrin nìkan. Arábìnrin tí ọkọ̀ bá dákú mọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀nà ọjà nílò rẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣojú wa bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ wa kan ń fi Peugeot 504 kó èrò láti Ìwó lọ sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, kò lè gun òkè bí ó ti ń gùn ún tẹ́lẹ̀ mọ́, epo tí ó ń mu sì pọ̀ sí i. Mẹkáníìkì kan gbọ́ ohùn rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, ó ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, àfi kí àwọn tú u kalẹ̀. Owó tí ó pè tó owó ilé ìwé ọmọ méjì. Bàbá ti ń múra láti lọ bẹ olórí àjọ kí wọ́n gbé owó wọn fún wọn ṣáájú àsìkò. Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan péré. Ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ náà ni a fẹ́ kọ́ pọ̀.

KÍ NI MÍSÌ?

Ẹ́ńjìnì Peugeot 504 tí ó ń lo bẹntiróòlù ní sílíńdà 4. Písítínì kan ń lọ sókè sódò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ 4 ni ó ń ṣe. Ó ń fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé. Ó ń fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná sí wọn, wọn yóò gbiná, wọn yóò sì ti písítínì sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lé èéfín jáde. Bí ẹ́ńjìnì bá wà lórí sílóò, tí ó ń yí nígbà 900 láàárín ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan yóò gbiná nígbà 450, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń gbiná nínú ìyípo méjì. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò gbiná, àwọn 3 yòókù ni yóò máa wọ́ ọ kiri. Ìyẹn ni a ń pè ní mísì.

Ohun 3 ni sílíńdà nílò kí ó tó lè gbiná: epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, iná púlọ́ọ̀gì tí ó lágbára ní àsìkò tí ó yẹ, àti ìfúnpọ̀ tí kò jò. Gbogbo wíwá tí a óò wá, àwárí ọ̀kan nínú àwọn 3 yìí ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òun lè máa wà á bẹ́ẹ̀ lọ. Epo tí kò jó máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ó sì ń ṣàn lọ pò mọ́ ọ́ìlì tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀sẹ̀ gun ọ̀sẹ̀ wa ọkọ̀ tí ó ń mísì lè sọ àìsàn kékeré di nọ́ọ̀kì gidi.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ìta gbangba ni kí a ti ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe inú gáréèjì tí a tì, nítorí èéfín ọkọ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Kí a fi jíà sí fíríì, kí a sì fa háńbíréèkì. Ẹni tí ó wọ híjáàbù tàbí jàlàbíà, kí ó ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra, kí fáànù àti bẹ́líìtì má baà wọ́ ọ. Iná tí ó ń gba inú wáyà púlọ́ọ̀gì kọjá ju 10,000 fóòtì lọ. A kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán dì í mú nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bákan náà, ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kàbúrétọ̀ àti kọ́ńtáàkì ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Ọkọ̀ tí ó ní kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tirẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 1: KÍ A FETÍ SÍLẸ̀

Kí a sítáàtì ọkọ̀, kí a lọ dúró sí ẹ̀yìn, kí a gbọ́ bí sàlẹ́ńsà ṣe ń mí. Bí ó bá ń kọsẹ̀ ní déédéé, tí ó ń pa á jẹ ní ibi kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé sílíńdà kan ni ó ń ṣàìsàn. Bí ó bá ń kọsẹ̀ ségesège, tí a kò mọ ìgbà tí yóò tún kọsẹ̀, kí a wo ohun tí gbogbo sílíńdà jọ ń lò: epo tí omi wọ̀, kàbúrétọ̀ tí ó dọ̀tí, kọ́ńtáàkì, kọ̀ńdẹ́ńsà àti kọ́ìlì. Kí a tún bi ara wa léèrè ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò nìkan ni, wáyà tàbí ìdérí dísítíríbútọ̀ ni omi ti rin.

ÌGBÉSẸ̀ 2: SÍLÍŃDÀ WO NI?

Kí a lẹ nọ́ńbà 1 dé 4 mọ́ àwọn wáyà púlọ́ọ̀gì kí a tó tú èyíkéyìí. Ní ti Peugeot 504, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ní ẹ̀gbẹ́ jíà, ni a ti ń ka sílíńdà 1, kì í ṣe iwájú. Bí wọ́n sì ṣe ń gbiná tẹ̀ lé ara wọn ni 1, 3, 4, 2. Ẹni tí ó bá da wáyà rú yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá mísì mìíràn sílẹ̀.

Kí a pa ẹ́ńjìnì. Kí a yọ wáyà 1 kúrò lórí púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Kí a fi púlọ́ọ̀gì mìíràn sí ẹnu wáyà náà, kí a sì so ara irin púlọ́ọ̀gì yìí mọ́ irin ẹ́ńjìnì, kí ó jìnnà sí kàbúrétọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí iná kò bá rí ọ̀nà gbà, ó lè ba kọ́ìlì jẹ́. Kí a wá sítáàtì ọkọ̀, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sílíńdà 1 ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, nítorí a ti dá òṣìṣẹ́ dúró. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a dá wáyà padà, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún 2, 3 àti 4. Èyí tí a yọ wáyà rẹ̀ tí ohùn ẹ́ńjìnì kò yí padà rárá, òun ni ọ̀lẹ tí a ń wá. Ti ọkọ̀ bàbá ọ̀rẹ́ wa, sílíńdà 3 ni.

ÌGBÉSẸ̀ 3: KÍ A KA PÚLỌ́Ọ̀GÌ

Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù díẹ̀, kí a nu ìdí púlọ́ọ̀gì kí ìdọ̀tí má baà já sínú sílíńdà, kí a wá tú u. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tí kò dúdú jù, ara rẹ̀ yá. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí èédú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá funfun, epo ń kéré tàbí afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Bí ó bá tutù tí ó ń rùn fún bẹntiróòlù, epo ń dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n kò gbiná. Bí ó bá ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ríìnì písítínì tàbí ìdí fááfù ni kí a fura sí. Kí a wo àlàfo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Ti 504 jẹ́ nǹkan bí 0.6 mìlímítà, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí a tẹ̀ lé. Púlọ́ọ̀gì 3 ọkọ̀ bàbá tutù, ó sì ń rùn fún epo.

ÌGBÉSẸ̀ 4: KÍ A ṢE PÀṢÍPÀÀRỌ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọn yóò lọ ra púlọ́ọ̀gì, wáyà, kọ́ńtáàkì àti kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá dá, wọn kò mọ èwo ni ó wò ó sàn. Bí kò bá dá, owó ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ́kọ́ lo èyí tí ó ti wà lára ọkọ̀.

Kí a gbé púlọ́ọ̀gì 3 sí ojú 2, kí a gbé ti 2 sí ojú 3, kí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ṣe ní ìgbésẹ̀ 2. Bí mísì bá bá púlọ́ọ̀gì náà lọ sí 2, púlọ́ọ̀gì ni ó bàjẹ́. Bí ó bá dúró sí 3, púlọ́ọ̀gì kò jẹ̀bi. Kí a wá ṣe pàṣípààrọ̀ wáyà, bí gígùn wọn bá gbà á. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mísì dúró sí 3. Nígbà tí ó gbé wáyà 3 lọ sí 2, mísì bá wáyà lọ. Ní alẹ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn, ó sì rí iná búlúù tí ó ń fò láti ẹnu rọ́bà wáyà náà lọ sí ara irin. Rọ́bà ti sán.

Bí kò bá jẹ́ wáyà, kí a ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀. Kí a wò ó bóyá ó sán, tàbí bóyá ìlà dúdú tín-ín-rín bí ipa èèrà wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí iná ń sá gbà nìyẹn. Kí a nu omi kúrò, kí a wo rótọ̀ àti kọ́ńtáàkì. Àlàfo kọ́ńtáàkì 504 jẹ́ nǹkan bí 0.4 mìlímítà.

ÌGBÉSẸ̀ 5: BÍ INÁ BÁ DÁRA

Bí iná bá dára tí sílíńdà náà kò sì ṣiṣẹ́, kí a bu omi ọṣẹ díẹ̀ sí ìdí ibi tí páìpù tí ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ wọlé gbé so mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ohùn ẹ́ńjìnì bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbẹ̀. Bí kò bá yí padà, ó ku ìfúnpọ̀. Kí a ní kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn gbogbo sílíńdà 4. Bí ọ̀kan bá kéré, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó sì tún un wọ̀n. Bí ìfúnpọ̀ bá lọ sókè, ríìnì ni. Bí kò bá lọ sókè, fááfù ni kí a fura sí. Bí méjì tí ó fara kan ara wọn bá kéré, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó. Nígbà yìí ni títú ẹ́ńjìnì tó ní ìdí.

Wáyà kan ṣoṣo ni bàbá rà. Owó àjọ dúró sí àyè rẹ̀, àwọn ọmọ sì wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. A kò sọ èyí láti bú àwọn mẹkáníìkì o. Ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè lọ bá wọn pé, "Ọ̀gá, sílíńdà 3 ni, mo ti yẹ púlọ́ọ̀gì àti wáyà wò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wọn ìfúnpọ̀ rẹ̀," ti gba ara rẹ̀ là, ó sì ti dín iṣẹ́ ọ̀gá kù. Bí a kò bá wádìí, ẹ̀tẹ̀ ni a ń fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ni ohun 3 tí sílíńdà nílò kí ó tó lè gbiná?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́?
3. Kí ni púlọ́ọ̀gì tí ó tutù fún bẹntiróòlù ń sọ fún wa?
4. Kí ni ìdí tí a fi ń pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan?

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Àmín.