Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ń Tọ́jú Ìwé Ẹgbẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Awakùsà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ yan títọ́jú ìwé àtijọ́ láàyò, mo rí i pé bí àpótí kan bá ti ìlú awakùsà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dé ọwọ́ yín, ìwé-ẹ̀rí gbàǹgbà tí a fi àwọ̀ wúrà kọ, tí a ya ojú ńlá sí lókè, ni ẹ kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Ẹ rọra. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó bí ìyẹn, irú rẹ̀ sì pọ̀ lára ògiri. Ṣùgbọ́n rìsíìtì owó ẹgbẹ́ tí akọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní èkejì.

Ẹ ro ti ọkùnrin tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá nítòsí, tí ó dé Virginia City ní Nevada lẹ́yìn tí wọ́n rí fàdákà ní ibi ìwakùsà Comstock ní 1859, tàbí Bodie ní California, níbi tí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Odd Fellows tí wọ́n kọ́ ní 1880 ṣì dúró láàárín ahoro. Bí ihò bá wó lù ú, ta ni yóò sin ín? Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́: ẹgbẹ́ Odd Fellows yìí, tí Thomas Wildey fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Baltimore, ní 1819, fi í ṣe òfin pé kí a bẹ aláìsàn wò, kí a ran ẹni tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́, kí a sin òkú, kí a sì kọ́ ọmọ òrukàn. Ẹni tí ó bá dẹ́kun àtisan owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù gbogbo èyí.

Nítorí náà, bí rìsíìtì ẹnì kan bá wà ní ìdì kan, ẹ má tú ìdì náà. Àwọn oníṣòwò a máa tú u nítorí pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń mówó wá, ìwà tí mo kórìíra, ṣùgbọ́n ibi tí rìsíìtì ti dáwọ́ dúró gan-an ni ìtàn wà. Bí káàdì ìrìnàjò bá tẹ̀ lé e, ó ti ṣí lọ. Bí ìkéde ìsìnkú bá tẹ̀ lé e, ó ti kú. Bí kò bá sí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Yíǹkì àtijọ́ tí irin wà nínú rẹ̀ a máa jẹ tákàdá bí ọ̀rinrin bá bá a. Ibi gbígbẹ, tí ó tutù, ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ẹ má lẹ téèpù mọ́ ọn láéláé.

Iná sì jó ọ̀pọ̀ ilé ní Virginia City ní oṣù October 1875, ìwé kan sì lè ti bá a lọ. Bí ìdì yín bá já níbìkan, tí ẹni tí ó ni ín sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ mìíràn, Freemason, ẹ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ọdọọdún Grand Lodge, ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ tí ó gbé, wò, níbi tí wọ́n ti máa ń to orúkọ àwọn tí ó wà, àwọn tí ó kú àti àwọn tí a lé nítorí gbèsè sí nígbà náà. Bí ẹ kò bá rí i nínú ti Nevada, ẹ wo ti California, nítorí awakùsà kì í pẹ́ lójú kan.