Ìdí igi àti igi ìdílé

Mò ń ṣa ẹ̀wà lówùúrọ̀ Sátidé tó kọjá, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń fi ọ̀rọ̀ wá àlejò rẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé lẹ́nu wò, lórí bí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà ṣe ń lọ sí kóòtù káúńtì, tí wọ́n ń tú ìwé àtijọ́ wò láti mọ àwọn tó bí wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àfi bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe fi ayọ̀ kádìí rẹ̀ nílẹ̀ pé, "Ó yẹ kí gbogbo wa lọ ṣe ìwádìí nípa igi ìdílé wa!" Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

Igi ìdílé kẹ̀? Bí ẹ bá ní kí ìyá mi àgbà fi igi ìdílé rẹ̀ han àlejò nígbà ayé rẹ̀, ìdí ìrókò tí wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ ni ì bá mú un lọ. Ọ̀rọ̀ òyìnbó, "family tree", ni wọ́n gbé wọ agbádá Yorùbá, agbádá náà kò sì bá a mu.

Ohun tó tún dùn mí ni pé igi ti wà nínú ọ̀rọ̀ ìdílé wa tipẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń pín ogún. Bí olórí ilé tó láya púpọ̀ bá kú, ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń bi ara wọn ni pé, ṣé orí-ò-jorí ni kí á pín in ni, àbí ìdí igi? Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, iye ọmọ ni wọn yóò kà. Bó bá jẹ́ ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ igi kan, iye igi ni wọn yóò sì pín dúkìá sí. Ìyá ọlọ́mọ kan àti ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, ọgbọọgba ni ìpín wọn. Ogún Suberu Dawodu, ẹni tó kú ní 1940 tó fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin sílẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Privy Council ní London. Ní 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ fọwọ́ sí i pé ìdí igi gan-an ni àṣà Yorùbá, pé olórí ẹbí ló lè yàn láti lo orí-ò-jorí nígbà tí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ: nínú èdè wa, ìyá ni igi. Àwọn ọmọ ló wà nídìí rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ìdí. Ohun tí a fi ń jókòó ni lákọ̀ọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ló ti di ibi tí nǹkan fi ń kan ilẹ̀: ìdí ìkòkò, ìdí igi. Ó tún di ibi tí ènìyàn ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ń jókòó sí: ó wà nídìí ẹran, ó wà nídìí Ifá. Ìgbà tó yá, ó di ohun tó mú ọ̀rọ̀ wá, torí pé ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó fi jókòó: ìdí abájọ. Wọ́n wá so ó mọ́ ilé, ó di ìdílé, ìyẹn ibi tí ilé fi kan ilẹ̀.

Nítorí náà ni ara mi kì í gbà á nígbà tí oníwàásù bá ń kí "ìdílé" tọkọtaya kan tí wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù tó kọjá. Ilé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Àrùn ìdílé, orúkọ ìdílé, iṣẹ́ ìdílé: kò sí èyí tí tọkọtaya dá sílẹ̀ láàárín oṣù kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ti pàdánù ìjà yìí. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìròyìn, àti àwọn ọmọ mi fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń lò ó.

Ẹ wá wo wádìí. Wá àti ìdí ni. Nígbà tí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ìdí bọ́ sílẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò bá a kú. Ó fò kọjá d, ó lọ jókòó sẹ́yìn, a sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀ títí dòní: wádìí. Bákan náà ni nídìí àti kádìí. Ẹni tó bá kọ "wádí" ti lé ohùn yẹn jáde nílé. Nígbà tí a bá sì ti sọ pé wádìí, a ti wá ìdí nǹkan náà tán. A máa ń wádìí ọ̀rọ̀, a máa ń wádìí ènìyàn. "Nípa" kò níṣẹ́ kan tó ń ṣe níbẹ̀. "Ṣe ìwádìí nípa" jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀, mo tú àwọn ìwé tí èmi fúnra mi ti kọ wò, mo bá a níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti borí. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn.

Igi ìdílé ni n kò tíì fi sílẹ̀, nítorí ohun tí àwọn tó wà ní kóòtù káúńtì yẹn ń ṣe kì í ṣe gígun igi. Wọ́n ń wádìí ìdílé ni. Ó lé ní 3,000 káúńtì tó wà ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìhágún. Kóòtù ogún ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹrú ti ń rí àwọn baba ńlá wọn, ìdí rẹ̀ sì korò. Níbi tí àwọn tiwa ti ń jókòó láti mọ iye igi tí ogún yóò pín sí, ènìyàn ni ogún níbẹ̀. Bí olówó wọn bá kú, wọ́n á to orúkọ wọn pọ̀ mọ́ ti ìbaaka àti ti ohun èlò ilé, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n dá lé wọn. Nínú ìkànìyàn 1850 àti 1860, abẹ́ orúkọ olówó ni wọ́n kọ ẹrú sí, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀. Orúkọ ẹrú kò sí níbẹ̀, àfi níbi díẹ̀. Ìkànìyàn 1870 ló kọ́kọ́ ka gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ.

Ní 1870 náà, ilé ni wọ́n kà, wọn kò ka ìdílé. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ òrùlé kan wà lórí ìlà tẹ̀ léra, kò sì sí àkọlé tó sọ ẹni tó jẹ́ ìyá, ẹni tó jẹ́ àbúrò, ẹni tó jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Ìkànìyàn 1880 ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí olórí ilé. Bí ẹ bá pe ilé àti ìdílé ní ọ̀kan náà, ẹ kò ní mọ ohun tí ìwé yẹn fi pamọ́.

Ìyá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wádìí ìdílé yìí sì máa ń tọ̀ lọ. Láti 1662 ni òfin Virginia ti sọ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún, ẹrú tàbí òmìnira. Àwọn ìpínlẹ̀ olówó ẹrú yòókù tẹ̀lé e. Ìwé sábà máa ń kọ ọmọ mọ́ ìyá, kò sì dárúkọ bàbá. Ìdí igi nìyẹn, òfin ìkà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ní Alabama, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin ti fòpin sí kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn dé Mobile. Ọmọ Yorùbá láti agbègbè Banté, ní ilẹ̀ Benin òní, wà nínú wọn: Oluale Kossola. Cudjo Lewis ni ìwé Amẹ́ríkà ń pè é. Sylviane Diouf, tó kọ ìtàn wọn, rò pé etí òyìnbó ló sọ Oluale di Lewis. Ní 1872, ó fi dọ́là 100 ra ilẹ̀ éékà méjì. Ìdílé tuntun fi ìdí kanlẹ̀ sí Africatown, àdúgbò àwọn tí ọkọ̀ náà kó wá.

Ọmọ ọdún méjì ni Matilda McCrear nígbà tí ọkọ̀ yẹn gbé òun àti ìyá rẹ̀ dé. Ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ilà, kì í ṣe ìlà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ohùn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ ni a ń kọ ilà, bí a ṣe ń kọ ìwé, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ṣáájú gbogbo ohun tí káúńtì kankan kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ní 1931, ó fi ẹsẹ̀ rin máìlì 15 lọ sí kóòtù káúńtì Dallas ní Selma, ó ní kí wọ́n san ohun tí wọ́n jẹ òun. Wọn kò gbà fún un. Ó kú ní 1940.

Ọmọ ọmọ mi ya igi ìdílé rẹ̀ wá láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Èmi àti bàbá rẹ̀ àgbà wà lókè lórí ẹ̀ka, òun nìkan wà nísàlẹ̀. Mo ní, "Olówó orí mi, àgbà ló ń wà nídìí." Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni tíṣà wí. Mo bá a kọ orúkọ ìyá mi sí abẹ́ igi náà, níbi tí ó ti kan ilẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù rẹ̀ ya gbòǹgbò yí i ká.