Owó Ìdílé, Ayé Tí À Ń Gbé, àti Ìjókòó Àwọn Obìnrin

Olówó tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣàánú lè pín in fáwọn ènìyàn títí yóò fi tán. Ó sì lè dá àjọ ìtọrẹ ìdílé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àjọ ló dá sílẹ̀, yóò yọ owó ńlá kan kúrò nínú ohun ìní ara rẹ̀, yóò sì kó o sábẹ́ àjọ náà, tí òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá dúró. Wọn kì í sábà ná irú owó bẹ́ẹ̀ tán. Wọ́n á fi í ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n á fi í ṣòwò lóríṣiríṣi, wọ́n á sì máa mú nínú rẹ̀ lọ́dọọdún láti fi ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Olówó náà, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sábà máa ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ ọ̀hún, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n bá pè mọ́ra. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí ìjọba ṣe ní 1969, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà, ló de àwọn àjọ yìí. Ìdílé kò gbọdọ̀ yá owó lọ́wọ́ àjọ wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ tà fún un tàbí rà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, àjọ náà gbọ́dọ̀ ná nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ohun ìní rẹ̀. Bó bá ní mílíọ̀nù 100 dọ́là, mílíọ̀nù 5 ló gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tó kù lè máa pa èrè níbi tó wà, ìdí nìyẹn tí àjọ mìíràn fi ń gbé pẹ́ ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé méjì ní ìpínlẹ̀ California. William Hewlett àti David Packard jọ kàwé ní Yunifásítì Stanford. Ní 1939, wọ́n fi dọ́là 538 dá ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard sílẹ̀ nínú gáréèjì kan ní ìlú Palo Alto. Ilé iṣẹ́ náà wá dàgbà, ayé sì mọ̀ ọ́n fún kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. David àti Lucile, ìyàwó rẹ̀, dá àjọ ìtọrẹ tiwọn sílẹ̀ ní 1964. William àti Flora, ìyàwó tirẹ̀, dá tiwọn sílẹ̀ ní 1966. Owó ìdílé Packard ni wọ́n fi kọ́ ilé àfihàn ẹja àti ohun alààyè inú òkun ní Monterey, èyí tí wọ́n ṣí ní 1984, Julie ọmọ wọn ni wọ́n sì fi ṣe olùdarí rẹ̀. Ní 2008, àjọ méjèèjì pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àjọ mìíràn tó ń jẹ́ McKnight láti dá ClimateWorks sílẹ̀, kí ó máa gbógun ti ìyípadà ojú ọjọ́. Nínú àjọ Packard àti ti Hewlett tó ń náwó sórí òkun, igbó àti afẹ́fẹ́ yìí, wọ́n tún ń náwó sórí ìlera obìnrin àti ẹ̀tọ́ obìnrin. Òǹkàwé lè béèrè ohun tó pa méjèèjì pọ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń sọ obìnrin di irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún ayé ṣe. Èkejì ń fún un ní àyè láti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu. Ọ̀nà tí àjọ kan bá tọ̀ ni kí á fi mọ iyì rẹ̀, ká má fi bí owó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹni tó ń gbin igi gbájú mọ́ igi, kí ẹni tó ń jà fún obìnrin sì gbájú mọ́ obìnrin, pé ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ kò ní ṣe ìkankan dáadáa. Ìgbésí ayé ojoojúmọ́ kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sọ ní 2023 pé nínú ìdílé mẹ́wàá tí omi kò sí nínú ọgbà wọn, méje ló jẹ́ pé obìnrin àti ọmọbìnrin ló ń lọ pọn omi wá. Bí odò bá gbẹ, àwọn ni ìrìn wọn yóò gùn sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣírò pé èéfín inú ilé, láti ara igi ìdáná, èédú àti kẹrosíìnì, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní 2020, bẹ́ẹ̀ ìyá tó ń dáná àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ló sún mọ́ èéfín yẹn jù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n bó bá gbin kòkó tàbí obì, àwọn onílẹ̀ yóò dìde, nítorí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ máa ń sọ ẹni tó gbìn ín di onílẹ̀. Obìnrin tó ń ro oko lórí ilẹ̀ ọkọ tàbí ilẹ̀ àyágbé kò lè gbin igi tí yóò dáàbò bo ilẹ̀ náà, kì í ṣe pé kò mọ̀ pé igi dára. Ní 2011, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ ọ́ pé bí àwọn obìnrin àgbẹ̀ bá ní ilẹ̀, ajílẹ̀, irúgbìn àti owó yíyá gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ṣe ní in, ìkórè oko wọn yóò fi ìdá 20 sí 30 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ilẹ̀, tí kò sì fẹ́ bi ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń ro ó, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Síbẹ̀, kí á má gbàgbé pé ọ̀nà àkọ́kọ́, èyí tí kò dára, ló kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní 1968, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stanford, Paul Ehrlich, tẹ ìwé kan jáde tó kìlọ̀ pé ènìyàn ti ń pọ̀ jù láyé, pé ebi ńlá ń bọ̀. Ẹ̀rù yẹn wọ ọkàn ọ̀pọ̀ olówó Amẹ́ríkà, ìdílé Packard àti Hewlett sì wà lára àwọn tó náwó gidi sórí ìfètòsọ́mọbíbí nítorí iye ènìyàn tó ń pọ̀. Ìfètòsọ́mọbíbí fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun rere. Obìnrin tó bá lè yan ìgbà tí yóò bímọ àti iye tí yóò bí ti gba ìlera ara rẹ̀ sọ́wọ́. Ibi tí wàhálà wà ni ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Bó bá jẹ́ pé iye ènìyàn ni wọ́n fẹ́ dín kù, ilé ọmọ ni wọ́n yóò máa wò, wọn kò ní wo ẹni tó ni ín. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè bá èrò yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1994, nígbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè 179 pàdé ní Cairo, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹ̀tọ́ obìnrin, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìlera rẹ̀ ni kó ṣáájú, kì í ṣe iye ọmọ tí ìjọba fẹ́ kó bí. Ìpàdé yẹn yí ọ̀nà tí àwọn àjọ ìtọrẹ ń gbà náwó padà. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó lágbára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: owó kan náà ni, ètò kan náà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin fúnra wọn dé ibi ìpàdé, ìtumọ̀ iṣẹ́ náà yàtọ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Odisha ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Rema Hanna, Esther Duflo àti Michael Greenstone, tẹ̀ lé ètò kan tó ń kọ́ ààrò tí kì í tú èéfín púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìdílé ní abúlé. Ilé tí wọ́n ṣàyẹ̀wò lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi ṣe é. Lọ́dún àkọ́kọ́, èéfín tí àwọn tó ń dáná ń fà símú dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn, àǹfààní náà pòórá. Ọ̀pọ̀ ààrò bàjẹ́, àwọn onílé kò tún un ṣe, wọn kì í sì í lò ó déédéé. Ààrò tó ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí àwọn onímọ̀ ti dán an wò kò bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáná nílé mu. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, bẹ́ẹ̀ ìwé ètò ìrànwọ́ tí wọ́n kọ láìsí ẹni tó ń dáná níbẹ̀ kò níye lónìí.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní 1977, Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Green Belt ní Kenya. Àwọn obìnrin abúlé ti sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún un: igi ìdáná jìnnà, omi kò mọ́, oúnjẹ kò tó. Ó ní kí wọ́n gbin igi. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó gbọ́, wọ́n ní ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Àwọn obìnrin náà lo ọgbọ́n oko tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣa èso igi inú àdúgbò wọn, wọ́n gbìn ín sínú ohun tó bá wà nítòsí, títí kan agolo àlòkù. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà lórí igi kọ̀ọ̀kan tó bá yè. Owó ìrànwọ́ láti òkèèrè wà níbẹ̀ o, lára rẹ̀ ni owó Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó wà fún àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé ni iṣẹ́ wà. Igi tí wọ́n gbìn lé ní mílíọ̀nù 30, Maathai sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé èèyàn kan tó yàtọ̀ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ìwádìí onímọ̀ kan, Bina Agarwal, tì í lẹ́yìn. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ abúlé tó ń tọ́jú igbó ní Gujarat, Íńdíà, àti ní Nepal. Ní Nepal, igbó tí wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé obìnrin nìkan ló wà nínú ìgbìmọ̀ wọn kéré, ó sì ti bàjẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù lọ. Síbẹ̀, igbó àwọn obìnrin yìí ló hù padà dáadáa jù. Wọ́n ṣe òfin tó le lórí gígé igi, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ ló mú ìyàtọ̀ wá.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn àjọ Hewlett tí ọ̀rọ̀ yìí yé. Anne Firth Murray ló darí ètò àyíká àti ètò iye ènìyàn ní àjọ náà láti 1978 sí 1987. Ní 1987, ó bá àwọn obìnrin mìíràn dá Global Fund for Women sílẹ̀, àjọ tó ń fún ẹgbẹ́ obìnrin lówó ní tààràtà, tó jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ náà ló ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Nígbà náà, wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè ní èdèkédè, ẹgbẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní láti wá agbẹnusọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọwọ́ tó ń fúnni, òkè ló máa ń wà, àjọ tó bá sì ní kí ìyá olóko ẹ̀gẹ́ kọ ìwé ogún ojú ewé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kó tó rí owó ti gbé ọwọ́ náà ga ju ibi tí apá ìyá náà dé.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ: pé ìbáradọ́gba ọkùnrin àti obìnrin jẹ́ àṣà òyìnbó tí owó òkèèrè ń gbé wọlé. Ìtàn wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Oyè Ìyálóde ti wà kí gáréèjì Palo Alto tó wà. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin rẹ̀ bá owó orí àìtọ́ jà títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ní July 2002, àwọn obìnrin Ugborodo, Itsekiri tí èdè wọn jẹ́ ẹbí èdè Yorùbá, gba ibùdó epo Chevron ní Escravos fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ń béèrè iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn, iná, omi àti ilé ẹ̀kọ́, ní àdúgbò tí omi ti ń jẹ ilẹ̀ lọ. Ohun tí owó òkèèrè lè ṣe ni pé kó fún irú ìjà bẹ́ẹ̀ lókun. Ó sì lè bà á jẹ́, bí olówó bá fẹ́ kí àwọn ajàjàgbara yìí máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Àtakò kejì ni pé owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe àánú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Olówó tó bá kó owó sínú àjọ ń rí ìdínkù owó orí gbà, ìdílé kan tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ló sì ń pinnu ibi tí owó náà ń lọ. Owó náà tún so mọ́ ọjà. Nígbà kan, púpọ̀ nínú ohun ìní àjọ Packard jẹ́ ìpín nínú Hewlett-Packard, nígbà tí iye ìpín náà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn 2000, owó àjọ náà dín kù gidigidi. Ìdí tí mi ò fi ní kí wọ́n pa irú àjọ bẹ́ẹ̀ tì ni pé owó ìrànwọ́ àwọn ìjọba ńlá kì í dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin. Nínú owó tí orílẹ̀-èdè olówó ń fi ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, èyí tó ń dé ọwọ́ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́-obìnrin ní tààràtà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ ìdílé kò retí ìdìbò, ó lè dúró ti ẹgbẹ́ kékeré fún ọdún mẹ́wàá láìbẹ̀rù pé ìjọba yóò yí padà.

Ẹgbẹ́ obìnrin tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá wá bá láti Amẹ́ríkà lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ síwèé. Lọ́dọọdún, àjọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 990-PF ránṣẹ́ sí ìjọba, òfin sì ní kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹgbẹ́ ṣí ibi tí orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ wà, kó ka obìnrin tó wà níbẹ̀, kó sì wò ó bóyá a rí ẹni tó mọ oko tàbí odò láàrin wọn. Lẹ́yìn náà, kó lọ síbi tí wọ́n to orúkọ àwọn tó gba owó sí, pẹ̀lú iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà, kó sì ṣírò èyí tó lọ sí ọ́fíìsì ńlá ní Washington àti London, àti èyí tó dé ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ń gbin igi.