Ìgbà Wo Ni Ìgbéyàwó Tú Ká Lójú Òfin?

Ẹni tó bá lọ bá lọ́yà nítorí ìkọ̀sílẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè pé oṣù mélòó ni yóò gbà. Ìbéèrè ni lọ́yà náà á fi dá a lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe?"

Ẹni tó ṣe ti ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni yóò lọ, irú èyí tó wà ní Mápó, n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ máa ń yá. Èèyàn lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Àwọn adájọ́ á gbìyànjú láti parí ìjà. Bí kò bá ṣeé parí, wọ́n á tú wọn ká, wọ́n á sì yanjú ọ̀rọ̀ owó orí àti ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé.

Ti rẹ́jísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó gbàṣẹ ìjọba, yàtọ̀ pátápátá. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u, lábẹ́ òfin ìkọ̀sílẹ̀ ọdún 1970. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Obìnrin lè ti náwó nára ní kóòtù ìbílẹ̀ kí wọ́n tó rí ìwé ẹ̀rí rẹ́jísìrì lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ní àwọn kò láṣẹ lórí ẹjọ́ náà.

Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, àyàfi fún ẹ̀sùn bí àgbèrè. Olùpẹjọ́ èyíkéyìí tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ẹnì kan bá pa èkejì tì fún ọdún 1 gbáko, ẹ̀rí nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnì kejì kò sì tako ìkọ̀sílẹ̀, ẹ̀rí ni. Tó bá pé ọdún 3, kò nílò ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ ti ń pẹ́ jù ni ìjà lórí ọmọ àti dúkìá, tàbí kí wọ́n máa wá ẹnì kejì láti fún un níwèé ìpẹ̀jọ́.

Síbẹ̀, ìdájọ́ àkọ́kọ́, tí àwọn lọ́yà ń pè ní decree nisi, kò tíì tú wọn ká. Ó kéré tán, oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ gbà pé ètò tó dára wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ẹni tó bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísìrì kí àsìkò yìí tó pé ti dẹ́ṣẹ̀ tó lè mú un ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Lẹ́yìn àsìkò náà ni decree absolute, ìdájọ́ tó ń tú wọn ká pátápátá, yóò jáde. Kí olúkúlùkù gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, nítorí òun ni rẹ́jísìrì yóò béèrè tó bá fẹ́ gbéyàwó mìíràn.